Ìtàn Wolé-wolé àti Ìpalẹ̀mọ́ Ilé: Láti Èkó dé Òkè-Odò

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà nínú èdè Yorùbá tí wọ́n jọ ara wọn púpọ̀: wọlé, wolé àti wólé. Ẹni tí ó wọlé gba ẹnu ọ̀nà kọjá sínú ilé. Ẹni tí ó wolé fi ojú yẹ ilé wò. Ẹni tí ó wólé bì í lulẹ̀. Láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta, ohùn kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni ó ya ẹni tí ó ní ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò ní ibi tí yóò fi orí lé. Bí a bá yẹ ìtàn ìmọ́tótó wò ní Èkó àti agbègbè rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìlú náà ní ọdún 1861, a ó rí i pé orí àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni ó dá lé. Ìjọba wọ ilé àwọn ènìyàn, ó wo ilé wọn, nígbà tí ó sì yá, ó wó ilé ẹlòmíràn nínú wọn.

Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti bi, ìdáhùn rẹ̀ ni kò rọrùn: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ohun kan nínú ilé ẹni ti di pàǹtí? Bí a bá sì ti kó pàǹtí náà jáde, ẹnu ọ̀nà ta ni a ń kó o lọ?

Kí òyìnbó tó dé, àwọn Yorùbá ní ètò ìpalẹ̀mọ́ tiwọn. Nínú agbo ilé, ìyàrá àwọn ará ilé yí àgbàlá ká, ọ̀ọ̀dẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ẹrù tí ó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wà ní ìyẹ̀wù rẹ̀ tàbí lórí àjà. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé, bí odó, ọlọ àti àmù omi, wà níbi tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn lè tó o. Kí oòrùn tó yọ tán ni àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọdé ti mú ìgbálẹ̀. Wọ́n a gbá ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n a gbá àgbàlá, wọ́n a sì kó ohun tí wọ́n gbá lọ sí orí àkìtàn. Èèwọ̀ ni kí a gbálẹ̀ lóru kí a sì da ìdọ̀tí síta, nítorí wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń gbá ọrọ̀ ilé dànù. Bí a bá ro èèwọ̀ náà dáadáa, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: nínú òkùnkùn, ta ni ó lè mọ owó ẹyọ kan tàbí ìlẹ̀kẹ̀ kan yàtọ̀ sí èérún? Àwọn àgbà fẹ́ kí ojú rí ohun tí ọwọ́ ń dànù.

Wọn kò sì ka gbogbo ohun tí ó fọ́ sí ohun tí a ń sọ nù. Ìkòkò tí ó fọ́ di àpáàdì, àpáàdì ni a sì fi ń fọn iná láti ilé kan dé èkejì. Ìdí nìyí tí a fi ń pa á lówe pé àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Ẹ̀rí tí ó ga jù lọ nípa èyí wà ní Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn ènìyàn to àwọn àpáàdì lóòró sínú ilẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà wọn pẹrẹsẹ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jọba ní Ifẹ̀, ni ó pàṣẹ iṣẹ́ náà. Nígbà tí Frank Willett bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957, irú ilẹ̀ alápáàdì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ìkòkò tí ó fọ́ ní ilé ìdáná ni ó di ohun tí ẹsẹ̀ ọba ń tẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí ẹrù fi máa ń pọ̀ nínú ilé Yorùbá, tí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ẹrù ní olúwa. Nígbà tí baálé ilé bá kú, aṣọ rẹ̀, àpótí rẹ̀ àti ìyàrá rẹ̀ di ogún, ẹnì kankan kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn wọ́n títí ẹbí yóò fi jókòó. Wọ́n lè pín in ní ìdí-igi, kí a kà á ní iye ìyàwó tí ó bímọ fún olóògbé, tàbí ní orí-ojorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀. Ọ̀ràn yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ó jẹ mọ́ ogún ọkùnrin ará Èkó kan tí ó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un sílẹ̀, fi dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1958, tí ó sì ti ibẹ̀ dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Ìdí-igi ni wọ́n fi ọwọ́ sí. Nítorí náà, àpótí ògbólógbòó tí àlejò rí ní igun ilé, tí ó sì rò pé kò wúlò, lè jẹ́ ohun tí ẹ̀ka mẹ́rin nínú ẹbí ń dúró dè.

Inú irú ilé báyìí ni àwọn wolé-wolé wọ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1897 ni Ronald Ross, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan ní Íńdíà, rí i dájú pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà kiri. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣègùn, di gómìnà Èkó, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1904. Ó mú ogun ẹ̀fọn ní ọ̀kúnkúndùn: ó ní kí wọ́n dí ẹrẹ̀ àti àbàtà, wọ́n sì la omi kan láàárín Èkó àti Ìkòyí tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Ní ọdún 1901, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ìlú Èkó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń pín ògùn quinine, wọ́n sì ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ọmọ. Àwọn wọ̀nyí ni a lè pè ní ẹni tí ó wọlé: wọ́n kí ará ilé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, èdè tí ará ilé gbọ́ ni wọ́n sì fi bá a sọ ọ́.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn yàtọ̀. Aṣojú òfin ni wolé-wolé. Yóò gba àgbàlá wọlé, yóò ṣí àmù, yóò sì tẹjú mọ́ inú omi. Bí ó bá rí tanwíji tí ń jó nínú rẹ̀, ọ̀ràn ti dé: ìwé ìpè sí ilé-ẹjọ́ ni, ìtanràn ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Yóò yẹ abẹ́ ibùsùn wò, yóò yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, yóò wo agolo àti àpáàdì tí omi òjò lè dá sí. Ojú méjì ni àwọn ará ìlú fi ń wò ó. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọmọdé kan bá ké pé ó ń bọ̀, kíá ni gbogbo àdúgbò yóò ti da omi àmù nù, tí wọn yóò sì ti ẹrù bọ ibi tí ojú kò tó. Ohun tí òfin fẹ́ ni kí ilé mọ́. Ohun tí ìbẹ̀rù kọ́ àwọn ènìyàn ni bí a ti ń fi ìdọ̀tí pamọ́.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ pé asán ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó gbé e ga jù lọ ni Oníṣègùn Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Olúwọlé, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Glasgow, tí ó sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá ètò ìlera ìlú ní Èkó. Títí di òní ni a ń pè é ní baba ètò ìlera ìlú ní Nàìjíríà. Ìgbà tí ó ṣiṣẹ́ kì í ṣe ìgbà ẹ̀rọ̀, nítorí pé ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kòkòrò tín-ín-tín tí ń gbé ara eku ni ó ń gbé àrùn náà fún ènìyàn. Ilé tí ẹrù kún, tí oúnjẹ wà káàkiri inú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọ̀, ni eku fẹ́ràn jù. Ọdún díẹ̀ kọjá kí àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì bá a lọ.

Àrùn eku yìí ni ó sọ wolé di wólé. Ní ọdún 1928, ìjọba fi òfin dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa tún ìlú Èkó tò, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Lagos Executive Development Board. Ìgbìmọ̀ náà ní agbára láti gba ilẹ̀, láti wó ilé tí wọ́n bá dá lẹ́bi, àti láti la ọ̀nà tuntun. Wọ́n ṣe é ní Òkò-Àwo, wọ́n sì pín ilẹ̀ sí Yábàá fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1955 ni iṣẹ́ náà le jù. Òmìnira ń bọ̀, àwọn olórí ìlú sì fẹ́ kí olú ìlú Nàìjíríà dára lójú àlejò. Wọ́n ya nǹkan bí 70 éékà sọ́tọ̀ ní àárín Èkó, wọ́n ní àdúgbò ẹ̀gbin ni, wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ ní Sùúrùlérè.

Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Peter Marris wádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn náà, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí yẹ fún àròjinlẹ̀. Ilé Sùúrùlérè mọ́, ó ní ìlà, ó ní àyè. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ wà lójú kan tẹ́lẹ̀ ti fọ́n ká. Obìnrin tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà kò rí oníbàárà mọ́. Ìyá àgbà tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń gbé oúnjẹ fún ní agbo ilé wá di ẹni tí a gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ kí a tó rí. Owó ilé àti owó ọkọ̀ pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè san. Àwọn tí ó palẹ̀ àárín Èkó mọ́ wo ògiri àti òrùlé, wọn kò wo okùn tí ó so ará ilé pọ̀. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò, tí àwọn ènìyàn tí a fojú bù sí 300,000 sì pàdánù ilé wọn. Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé ọba ni wọ́n wí. Wọn kò sọ ti ilé tálákà.

Níbo ni àwọn tí Èkó kò gbà mọ́ ń lọ? Ọ̀pọ̀ nínú wọn dojú kọ ìhà ìwọ̀-oòrùn àti àríwá, síbi tí a ń pè ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí. Òkè-Odò wà nínú agbègbè náà, pẹ̀lú Abúlé-Ẹ̀gbá, Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkòtún àti Ìgàndò. Abúlé àwọn àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, wọ́n sì di ara rẹ̀. Nígbà ìjọba Lateef Jákàńdè, láàárín ọdún 1979 sí 1983, a kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Abẹ̀sàn ní Ìpájà. Àwọn tí kò rí ibẹ̀ gbà ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye àwọn tí a kà ní Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó ti pín in sí agbègbè ìṣàkóso mẹ́fà, Àgbádò àti Òkè-Odò sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ilé tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni èyí tí ìyàrá rẹ̀ kọjú sí ara wọn lápá ọ̀tún àti apá òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan. Ó jọ agbo ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe agbo ilé. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ní baálé, àyàfi onílé tí ń gba owó. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin lè wà nínú ìyàrá kan ṣoṣo, tí àpótí aṣọ wà lábẹ́ ibùsùn, tí ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí pẹpẹ, tí ìwé àwọn ọmọ sì wà lórí àpótí. Nítorí pé omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀pọ̀ ilé, kẹ́ẹ̀gì àti dúrọ́ọ̀mù omi tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí pé iná mànàmáná kì í dúró, ẹ̀rọ amúnáwá àti agolo epo wà níbi tí kò yẹ kí wọ́n wà. Ẹni tí ó bá wo irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó sì ní àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ìtọ́jú ilé, ó wo ẹrù, kò wo ìdí ẹrù. Ọ̀rọ̀ àmù ní Èkó àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì ní Òkè-Odò, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹni tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi omi pamọ́.

Lórí irú ilé wọ̀nyí ni òfin Àbámẹ́ta ìmọ́tótó bà lé. Ní oṣù kẹta ọdún 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari àti Tunde Idiagbon bẹ̀rẹ̀ ètò tí a pè ní WAI, láti gbógun ti ìwà àìníbàáwí; ní oṣù keje ọdún 1985, wọ́n fi ìmọ́tótó àyíká kún un. Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni a gba ìjọba lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n òfin ìmọ́tótó kò bá wọn lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Èkó, ní Àbámẹ́ta tí ó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rìn ní òpópónà. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ wà ní ilé, kí ó kó ẹrù jáde, kí ó gbálẹ̀, kí ó sì gbẹ́ ẹrẹ̀ inú gọ́tà. Ní ti ọjà, òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yàn fún wọn.

Àǹfààní wà níbẹ̀. Àwọn tí ìlẹ̀kùn wọn kọjú sí ara wọn, tí wọn kì í ju kí ara wọn lọ, wá jọ dúró létí gọ́tà kan náà pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Fún wákàtí mẹ́ta lóṣù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tún di ọ̀ọ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí ní ayé wolé-wolé náà ni ó rí níbí: bí àwọn kan ti ń gbálẹ̀ ni àwọn mìíràn ń sùn títí aago mẹ́wàá yóò fi lù, ẹrẹ̀ tí a sì gbẹ́ sí etí gọ́tà ń dúró de òjò tí yóò gbé e padà. Ẹni tí a bá mú lójú ọ̀nà di ẹni tí ń san ìtanràn, bí ilé rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ ju ti ẹni tí ó mú un lọ.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2015, Adájọ́ Mohammed Idris ti ilé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Èkó dá ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò kan pè, ó ní kò bá òfin mu láti dá ènìyàn dúró sínú ilé nítorí ìmọ́tótó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òpin sí àṣà náà. Àwọn kan yọ̀ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti borí. Àwọn mìíràn kédàárò pé ìlú yóò di ẹlẹ́gbin. Ìhà kejèèjì ní òótọ́ nínú. Ohun tí ẹjọ́ náà fi hàn ni pé, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, agbára ni ó ń gbálẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí a gba agbára náà kúrò, a kò rí àṣà tí yóò gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè kejì, èyí tí ó kan Òkè-Odò jù lọ: níbo ni ìdọ̀tí ń lọ? Ní ayé àtijọ́, àkìtàn wà lẹ́yìn ilé, ojú olówó ilé sì ń rí i. Eérú, èèpo iṣu àti ewé ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ilẹ̀ a sì jẹ wọ́n padà. Ẹni tí ó bá sọ ohun púpọ̀ nù ni yóò rí òkìtì tirẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọdún 1977, Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ akólẹ̀kódọ̀tí sílẹ̀. Ní ọdún 1991 ni ó di èyí tí a mọ̀ sí LAWMA. Ní ọdún 1992 ni a ṣí àkìtàn ńlá Olúṣòsùn ní Ojọ́ta. Ìhà Alímọ̀ṣọ́ náà gba ìpín tirẹ̀: àkìtàn wà ní Abúlé-Ẹ̀gbá, òmíràn sì wà ní Ìgàndò, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí a ń pè ní Solous. Ọ̀rá, ike àti gíláàsì ni ó wá pọ̀ nínú ohun tí a ń dà nù. Ilẹ̀ kò sì lè jẹ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti yí po. Wọ́n palẹ̀ àárín Èkó mọ́, ènìyàn sì ṣí lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Nígbà tí ènìyàn dé ẹ̀yìn ìlú tán, ìdọ̀tí tẹ̀ lé wọn wá. Ohun tí a gbá kúrò ní ẹnu ọ̀nà ẹnì kan, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni ó gúnlẹ̀ sí. Ìgbálẹ̀ kò pa ìdọ̀tí run rí. Ó ń ṣí i nípò ni. Nítorí náà, ilé tí ó mọ́ kì í ṣe èyí tí a kó ohun púpọ̀ jáde nínú rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe èyí tí a ronú sí ohun tí ń wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a lè rí fà yọ nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ìmọ́tótó tí ó ti ọwọ́ ará ilé wá ń pẹ́ ju èyí tí ó ti ọwọ́ ọlọ́pàá wá. Èkejì ni pé kò yẹ kí a dá ẹrù ẹnikẹ́ni lẹ́bi kí a tó béèrè ìdí tí ó fi wà níbẹ̀: ṣé ogún ni, ṣé àìsí omi ni, ṣé ìpayà ọjọ́ ọ̀la ni, tàbí ọ̀lẹ lásán? Olúkúlùkù wọn ní oògùn tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti àpáàdì. Àwọn ará Ifẹ̀ kò fi ohun tí ó fọ́ pamọ́ sí igun ilé kí ó máa kó eku jọ, wọn kò sì dà á sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn fún un, wọ́n sì tò ó létòletò.

Iṣẹ́ sì wà nínú èyí fún àwọn olùkọ́. Àwọn tí wolé-wolé ṣí àmù ìyá wọn wò ti ń dàgbà, àwọn tí ó gbẹ́ gọ́tà ní Àbámẹ́ta kò sì ní pẹ́ di arúgbó. Ó yẹ kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá wọn, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀: orúkọ ohun èlò inú ilé, ibi tí a ń tò wọ́n sí, èèwọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ gbígbálẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ nígbà tí ọmọdé bá ké pé òfin ń bọ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìlú tí ó bá fẹ́ sọ ara rẹ̀ ní orúkọ rere gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ti ń wolé láìwólé.